Oògùn Ìdúmọ̀tà àti iṣẹ́ àdàkọ tó ń lọ nínú kòkòrò àrùn

Ẹni tó bá mọ Ìsàlẹ̀ Èkó dáadáa yóò mọ̀ pé Ìdúmọ̀tà kì í ṣe ọjà aṣọ àti ti fíìmù nìkan. Láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti ń ta oògùn òyìnbó níbẹ̀ ní páálí-páálí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ kẹ́míìsì ìgboro Èkó àti ti àwọn ìlú tó yí i ká ti ń lọ kó ọjà. Lára oògùn tó ń yá lórí igbá níbẹ̀ ni ciprofloxacin, èyí tí gbogbo ayé ti gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí Cipro. Bí inú bá ń run ẹnìkan, yóò ní kí wọ́n fún òun ní Cipro. Bí ara ẹlòmíràn bá gbóná, tí wọ́n sọ fún un pé ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni, Cipro náà ni. Ẹni tó lu gúdẹ àtọ̀sí pàápàá, òun kan náà ni yóò bèèrè. Ọ̀pọ̀ kì í ra ju hóró mẹ́rin lọ. Bí ara bá ti fúyẹ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Kí ni hóró oògùn yìí ń ṣe gan-an nígbà tó bá dé inú ara? Kì í ṣe pé ó ń jó kòkòrò àrùn bí iná, kì í sì í ṣe pé ó ń fọ̀ ọ́ dànù bí omi ọṣẹ. Ẹnu iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ti ń bá kòkòrò náà jà, iṣẹ́ ọ̀hún sì ni àdàkọ: bí kòkòrò náà ṣe ń ṣe ẹ̀dà ìwé ìlànà tó fi ń wà láàyè, kí ó tó lè bí òmíràn. Ẹni tí iṣẹ́ àdàkọ yìí bá yé kò ní í ṣòro fún un láti mọ ìdí tí oògùn tó ń ṣiṣẹ́ bí idán ní ogún ọdún sẹ́yìn fi ń dà bí ẹfun lásán lónìí.

Èkó kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ òwò oògùn òyìnbó. Àwọn tó kọ ìtàn iṣẹ́ apòògùn nílẹ̀ wa sọ pé ní ọdún 1887 ni Ọ̀gbẹ́ni Bailey ṣí ilé oògùn tirẹ̀ ní òpópónà Balógun, níbi tí kò jìnnà sí Ìdúmọ̀tà òde òní. Ìjọba náà kò sì dákẹ́ lórí ọjà oògùn tó wà níbẹ̀. Láti ọdún 2001 tí Olóògbé Dora Akunyili ti gba àkóso àjọ NAFDAC ni ogun oògùn ayédèrú ti gbóná. Ní oṣù kejì ọdún 2025, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojisola Adéyẹyè, àjọ náà ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa fún ìgbà díẹ̀, pẹ̀lú ti Onitsha àti ti Aba, kí wọ́n lè yẹ àwọn ṣọ́ọ̀bù wò. Ọ̀rọ̀ oògùn ayédèrú yìí wọnú ohun tí a fẹ́ sọ, a ó sì padà sí i.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ìwé ìlànà náà. Ohun gbogbo tó ní ẹ̀mí, ìbáà ṣe èèyàn, igi ìrókò, ẹja inú ọ̀sà tàbí bakitéríà, sẹ́ẹ̀lì la fi mọ ọ́n. Èèyàn ní ẹgbàágbèje sẹ́ẹ̀lì. Ní ti bakitéríà, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara rẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní DNA. Lórí okùn yìí ni a kọ gbogbo ìlànà sí: bí sẹ́ẹ̀lì yóò ṣe jẹun, bí yóò ṣe tún ara rẹ̀ ṣe, irú ohun tí yóò jẹ́. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni a fi kọ ọ́, àwọn onímọ̀ sì fún wọn lórúkọ A, T, G àti C.

Okùn náà kì í dá wà, ìṣẹ́po méjì ni, tí wọ́n lọ́ mọ́ra wọn. Níbi tí A bá wà ní apá kan, T ni yóò kọjú sí i ní apá kejì. Níbi tí G bá wà, C ni ẹnìkejì rẹ̀. Kò sí ìgbà tí èyí ń yí padà, àfi tí àṣìṣe bá wọ̀ ọ́. James Watson àti Francis Crick ló gbé àwòrán okùn oníṣẹ́po méjì yìí jáde ní ọdún 1953, àwòrán tí Rosalind Franklin àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi ìtànṣán yà sì wà lára ẹ̀rí tí wọ́n gbára lé. Ohun tó jẹ́ kí ìwárí náà gbayì ni pé ó fi hàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí àdàkọ ṣe lè ṣeé ṣe. Bí ẹ bá ya ìṣẹ́po méjèèjì, ìkọ̀ọ̀kan ti tó láti fi mọ ohun tó wà lára èkejì. Ní ọdún 1958, Matthew Meselson àti Franklin Stahl fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí: nínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tó bá jáde, ìṣẹ́po kan jẹ́ ti àtijọ́, ìkejì sì jẹ́ tuntun.

Bakitéríà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá to 500 irú èyí tó máa ń gbé inú ìfun wa ní orí sí ìdí, gbogbo wọn kò ní í ju mìlímítà kan lọ. Síbẹ̀, bí a bá na okùn DNA inú ẹyọ kan péré, òun nìkan ju mìlímítà kan lọ. Lẹ́tà tó wà lórí rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀. Gbogbo rẹ̀ ni bakitéríà náà gbọ́dọ̀ dà kọ láìfo ọ̀kan kí ó tó pín sí méjì, nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú ló sì fi ń ṣe é.

Iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ ti ẹnìkan. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe é ni wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù, ìyẹn àwọn ohun èlò kéékèèké tí sẹ́ẹ̀lì fi purotéènì ṣe, tí ìkọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ẹ bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ní Balógun rí, ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń gé aṣọ lè yàtọ̀ sí ẹni tó ń rán an, ẹni tó ń so bọ́tìnnì sì lè yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú sẹ́ẹ̀lì.

Helicase ló ń kọ́kọ́ dé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó ya ìṣẹ́po méjèèjì sọ́tọ̀ bí ìgbà tí a bá ń ṣí síìpù. Ṣùgbọ́n wàhálà kan wà níbẹ̀. Ẹ mú okùn tí a lọ́ ní ìṣẹ́po méjì, irú èyí tí àwọn apẹja ń lò, kí ẹ so ìdí rẹ̀ mọ́ òpó, kí ẹ sì fi ọwọ́ fa ìṣẹ́po méjèèjì ya láti orí. Bí ẹ ti ń fà á ya lọ, iwájú yóò máa lọ́ mọ́ra sí i, títí yóò fi ká kò, tí kò sì ní í ṣeé fà mọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí DNA nìyẹn. Nǹkan bí 1,000 lẹ́tà ni wọ́n ń tú láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé okùn náà ń yí nǹkan bí 100 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn kan náà. Bí kò bá sí ẹni tí yóò máa tú lílọ́ náà níwájú, iṣẹ́ yóò dúró kí ojú tó ṣẹ́.

Ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe èyí ni gyrase, tí Martin Gellert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwárí rẹ̀ ní ọdún 1976. Ọgbọ́n tó ń dá ya ni lẹ́nu. Yóò di okùn náà mú, yóò gé e já pátápátá, yóò gba àlàfo náà ti apá ibòmíràn nínú okùn kan náà kọjá, yóò sì so ibi tó gé padà bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni lílọ́ ń dẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gyrase yìí sọ́kàn, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ wa yóò padà dá lé lórí.

Nígbà tí ọ̀nà bá ti là, primase yóò fi ìwọ̀nba lẹ́tà díẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀, nítorí ẹ́ńsáìmù tó ń kọ̀wé gan-an kò lè bẹ̀rẹ̀ láti orí òfìfo. Òǹkọ̀wé náà ni polymerase. Arthur Kornberg ló ṣàwárí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú bakitéríà ní ọdún 1956, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 1959. Polymerase yóò ka lẹ́tà tó wà lórí ìṣẹ́po àtijọ́, yóò mú ẹnìkejì rẹ̀, yóò sì kàn án mọ́ tuntun.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni polymerase mọ̀ ọ́n gbà kọ̀wé, bí àwa náà ṣe ń kọ tiwa láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún. Ìṣẹ́po méjèèjì sì kọ orí sí ọ̀nà tó yàtọ̀ síra. Nítorí náà, ọ̀kan yóò máa jáde gbọọrọ láìdúró, ṣùgbọ́n èkejì kò lè jáde àfi ní gígé-gígé, kí wọ́n tó so ó pọ̀. Tọkọtaya onímọ̀ ará Japan kan, Reiji àti Tsuneko Okazaki, ló ṣàwárí àwọn gígé wọ̀nyí ní àwọn ọdún 1960, orúkọ wọn ni a sì ń pè é títí dòní. Ẹ́ńsáìmù tó ń so gígé mọ́ gígé ni ligase.

Àṣìṣe ńkọ́? Ní ayé ìtẹ̀wé àtijọ́, nígbà tí wọ́n ń fi ọwọ́ to lẹ́tà onírin, ẹni tó ń to lẹ́tà yàtọ̀ sí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò. Polymerase ń ṣe méjèèjì. Bí òun nìkan bá ń kọ láìwẹ̀yìn, àṣìṣe kan ni ì bá máa ṣe nínú nǹkan bí 100,000 lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ó ń wẹ̀yìn wò, bí ó bá rí i pé lẹ́tà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i kò bá ẹnìkejì rẹ̀ mu, yóò gé e kúrò, yóò sì tún un kọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn alátùn-únṣe mìíràn tún ń tẹ̀ lé e. Paul Modrich wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015 nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí àtúnṣe DNA. Ìgbà tí gbogbo wọn bá fi ṣe tiwọn tán, àṣìṣe tó kù kò ju ẹyọ kan lọ nínú bílíọ̀nù lẹ́tà kan, ó tilẹ̀ máa ń dín sí i.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á padà sí orí igbá oògùn. Kì í ṣe gbogbo oògùn apakòkòrò ló ń lọ síbi àdàkọ. Ampiclox ń ba ògiri ara bakitéríà jẹ́. Tetracycline ń dí i lọ́wọ́ kí ó má lè ṣe purotéènì. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí orúkọ wọn kò ṣàjèjì sí wa, ibi àdàkọ ni wọ́n dojú kọ. Septrin ń fi ebi ohun èlò pa àwọn òṣìṣẹ́, nítorí kì í jẹ́ kí bakitéríà rí èròjà tí yóò fi ṣe lẹ́tà T. Flagyl, nígbà tó bá wọ inú kòkòrò tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́, ń já okùn DNA rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ní ti Cipro, gyrase ló ń lọ bá.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Cipro yóò dúró títí gyrase yóò fi gé okùn já, kí ó tó so ó padà. Ní àkókò náà gan-an ni yóò há sáàárín, tí gyrase kò sì ní í lè parí iṣẹ́. Okùn tó yẹ kí ó já fún ìṣẹ́jú àáyá kan yóò wá já títí. Helicase àti polymerase tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò wá fẹsẹ̀ kọ níbẹ̀. Bí irú èyí bá pọ̀ lójú okùn, bakitéríà náà kú nìyẹn. Ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú sẹ́ẹ̀lì tiwa kò rí bákan náà, Cipro kì í sì í lè dì mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oògùn náà fi lè pa kòkòrò láìpa ẹni tó lò ó. Èyí kò sọ ọ́ di oúnjẹ o. Láti ọdún 2008 ni àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé kí ìkìlọ̀ ńlá wà lára rẹ̀ pé ó lè ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́, ó tilẹ̀ lè já a.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé àṣìṣe inú àdàkọ, bó ti wù kí ó kéré tó, kì í tán. Bí bakitéríà kan bá ń di méjì ní 40 ìṣẹ́jú, 40 ìṣẹ́jú, tí oúnjẹ sì wà, ẹyọ kan yóò ti lé ní bílíọ̀nù kan láàárín wákàtí 20. Nínú ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣòro kí a má rí ẹyọ kan tí àṣìṣe rẹ̀ bọ́ sí orí ìlànà tó fi ń ṣe gyrase. Nínú kòkòrò tó ń fa ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ojú kan wà lórí ìlànà náà tí a kọ TCC sí. Bí lẹ́tà àárín bá ṣèèṣì di T, tí ó wá di TTC, ìrísí gyrase yóò yí padà díẹ̀. Yóò ṣì máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Cipro kò ní í rí ibi dì mọ́ dáadáa mọ́. Lẹ́tà kan péré nínú èyí tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin!

Kì í ṣe oògùn ló dá àṣìṣe yẹn sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí oògùn ń ṣe ni pé ó ń ṣa kòkòrò. Bí ó bá pọ̀ tó, tí ó sì pẹ́ tó bí dókítà ṣe sọ, yóò pa àwọn tó lágbára díẹ̀ mọ́ àwọn aláìlágbára, ara ẹni fúnra rẹ̀ yóò sì pa ìyókù. Bí kò bá tó, àwọn aláìlágbára nìkan ni yóò kú. Àyè yóò gba èyí tó ní àṣìṣe, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ara rẹ̀ kọ. Polymerase kò mọ̀ pé àṣìṣe ni TTC. Ohun tó bá wà lórí ìṣẹ́po àtijọ́ ni yóò dà kọ láìyẹsẹ̀. Báyìí ni àṣìṣe ọjọ́ kan ṣe ń di ogún ìran.

Oògùn tí kò tó tún ní aburú mìíràn. Bakitéríà tí DNA rẹ̀ já ṣùgbọ́n tí kò kú máa ń ké sí àwọn polymerase pàjáwìrì. Àwọn wọ̀nyí ń fi ìkánjú kọ̀wé, wọn kì í wẹ̀yìn wò, àṣìṣe wọn sì pọ̀. Ìyẹn ni pé hóró mẹ́rin tí a rà, tàbí oògùn ayédèrú tí wọ́n fi èròjà tín-ńtín sí, lè mú kí kòkòrò náà tètè rí àṣìṣe tí yóò gbà á sílẹ̀. Àwọn bakitéríà kan tilẹ̀ ní òrùka DNA kékeré tí wọ́n ń fún ara wọn, tí ìlànà bí wọn yóò ṣe dáàbò bo gyrase wọn wà lórí rẹ̀. Kòkòrò tó kọ́ ọgbọ́n náà nínú ìfun ẹni tó ń lo Cipro nígbà tí kò nílò rẹ̀ lè fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Èyí kì í ṣe àlọ́. Àwọn tó ń ka lẹ́tà DNA kòkòrò ibà jẹ̀funjẹ̀fun tí wọ́n rí lára àwọn aláìsàn nílẹ̀ Nàìjíríà ti rí irú àyípadà yìí lórí ìlànà gyrase, wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú kòkòrò ọ̀hún kò ka Septrin sí mọ́. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke wà lára àwọn tó ń darí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Ní ti àtọ̀sí, láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kí wọ́n má ṣe fi ìdílé oògùn Cipro wò ó mọ́, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò ká kòkòrò náà mọ́ ní ibi púpọ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2022 ṣírò rẹ̀ pé èèyàn mílíọ̀nù 1.27 ni kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́ pa lágbàáyé ní ọdún 2019, àti pé apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa yìí ni ikú náà ti pọ̀ jù bí a bá fi wé iye èèyàn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ẹni tó ra hóró mẹ́rin ní Ìdúmọ̀tà lè rò pé ara òun nìkan ni òun ń tọ́jú. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó bá là á já kò ní í jókòó sínú rẹ̀. Yóò gba inú ìgbẹ́ dé inú kànga, yóò gba ọwọ́ olóúnjẹ dé inú abọ́ aládùúgbò, ní àdúgbò tí ilé ti sún mọ́ ilé bíi ti Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọmọ kékeré tí kò lo Cipro rí láyé rẹ̀ lè kó kòkòrò tí Cipro kò ràn.

Kí ni ṣíṣe? Ìwé dókítà ni òfin ní kí a fi máa ra irú oògùn yìí. Kí á tó lò ó, kí á lọ sí ọsibítù, kí wọ́n yẹ̀ wá wò. Kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Ibà ẹ̀fọn wà níbẹ̀, àwọn àìsàn fáírọ́ọ̀sì sì wà tí Cipro kò lè ṣe ohunkóhun sí, nítorí fáírọ́ọ̀sì kò ní gyrase tí yóò dì mú. Àyẹ̀wò Widal nìkan kò tó ẹ̀rí. Èyí tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ láti fi sin kòkòrò náà dàgbà ní yàrá àyẹ̀wò ni ẹ̀rí rẹ̀ dájú jù, òun náà ló sì lè sọ oògùn tí yóò ràn án. Iye hóró tí dókítà bá kọ ni kí á rà, iye náà ni kí á lò. Kí á wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí. Kí á má sì fún ẹlòmíràn ní èyí tó bá ṣẹ́kù. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí á máa se omi tí kò dá wa lójú, kí á sì máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́, nítorí kòkòrò tí kò ráyè wọlé kò ní í ráyè ṣe àdàkọ.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Lẹ́tà kan péré ló kéré jù lọ nínú ohun gbogbo tí a mẹ́nu bà yìí, òun náà ló sì lè sọ oògùn olówó iyebíye di ẹfun.